Ààwẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gbà Nítorí Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í wọ yẹtí, kì í kun ètè, kì í fi irun ẹlòmíràn kún irun ara rẹ̀. Nígbà tí ó darapọ̀ mọ́ ìjọ tí ó ń lọ yìí, ihò tí ìyá wa lu sí i létí nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bí i nínú. Ó lọ bi àwọn alàgbà bóyá ọ̀nà kan wà tí ènìyàn fi lè dí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ẹ̀bà dí i." Inú bí i sí mi títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Lójú tèmi, ẹ̀bà ì bá dí i dáadáa.

Iṣu ni mo ń tà ní ọjà Kàbà. Láti ọ̀nà Òkè-Bùkún ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, a óò já a sílẹ̀, a óò ṣà á, a óò tò ó. Ẹni tí ó bá ń ta iṣu kò ní í pẹ́ mọ̀ pé ojú kì í ṣe inú. Iṣu kan á gùn, á tóbi, ara rẹ̀ á dán bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí pa. Kí oníbàárà fi ọ̀bẹ là á délé, omi dúdú. Á gbé e padà wá, á ní mo rẹ́ òun jẹ. Èmi á bi í pé, "Ìgbà wo ni mo wọ inú iṣu?"

Ìjọ ẹ̀gbọ́n mi ní òfin fún gbogbo nǹkan. Òfin wà fún bí síkẹ́ẹ̀tì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, òfin wà fún ìbòrí, òfin wà fún ẹni tí ó pẹ́ dé àti fún ẹni tí ó tètè jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ni olórí àwọn obìnrin. Òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tí ó ń fi ojú wọn àwọn ọmọdébìnrin láti orí dé ẹsẹ̀ bí aránṣọ tí kò ní tépù. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò bá tó, ilé ló ń lọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé bí Màríà Magidalénì bá dé ẹnu ọ̀nà yẹn ńkọ́? Ó ní wọn á wá aṣọ fún un kó tó wọlé. Ó ní ìdáhùn fún ohun gbogbo, bíi tèmi. Ilé kan náà la ti jáde.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí ìyá wa kú ní Iyah-Gbẹ̀dẹ̀, òun ló fọ aṣọ mi, òun ló di irun mi, òun ló ń fi oúnjẹ tirẹ̀ kún tèmi tí á sì ní òun ti yó. Kì í jalè, kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Tí ó bá ní òun ń bọ̀, ẹ gbé omi kaná, ó ń bọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí kó tó dé ìjọ yẹn. Ìjọ náà kàn wá fún un ní ibi tí yóò kó gbogbo agbára rẹ̀ sí ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí kí ọkọ rẹ̀ tó kú. Obìnrin ni. Ọmọ yẹn lẹ́rìn-ín púpọ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín nínú ìsọ̀ mi, àwọn tó ń ná ọjà lọ́dọ̀ aláta á yíjú wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti rí i, ọmọ ìdílé kan tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí láti ayé àwọn bàbá ńlá wọn, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì, tí ó wá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sílé ìwé. Mo gbọ́ pé láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí ẹlòmíràn mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà lọ sílé ìwé mọ́. Òjò rọ̀, òun ni. Oòrùn ràn, òun ni.

Ní ìlú tiwa, èyí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kó dá ogun sílẹ̀. Tí Iléyá bá dé, wọ́n á gbé ẹran wá. Tí Kérésì bá dé, a óò gbé ìrẹsì lọ. Bàbá tí ó bí bàbá tiwa gan-an, ìrun ló kí títí tí ó fi kú. Mo rán ẹ̀gbọ́n mi létí. Ó ní bàbá àgbà kò tíì gbọ́ ìhìn rere ni. Mo ní bóyá ó gbọ́, ẹni tó ń wí i ló kàn ń pariwo jù.

Òfin ìjọ wọn ni pé òbí tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ aláìgbàgbọ́, tí òbí náà bá tẹ̀lé e débi ìgbéyàwó tàbí tí ó wọ ilé rẹ̀, wọ́n á bọ́ oyè lára rẹ̀, wọ́n á sì lọ gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá wà níbẹ̀, a kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kì í jẹ oúnjẹ Olúwa, kì í gbé orin. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ síbẹ̀.

Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní, "Yálà ọkùnrin yẹn tàbí èmi."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin méjèèjì."

"Kò sí nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ fún ọ."

Bí ó ṣe jẹ́ pé èmi ni mo jókòó sí àyè ìyá nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n so ọmọ náà pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀. Ó gba ẹ̀sìn ọkọ rẹ̀, wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn, ó kúnlẹ̀ níwájú mi kí n wúre. Mo ń wúre, ojú rẹ̀ sì wà lẹ́nu géètì. Mo fa ìwúre náà gùn kí ó lè ráyè wo géètì dáadáa. Kò sẹ́ni tó wọlé.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni ọmọ náà ń wá ra iṣu. Mo ní, "Ìwọ àti ọkọ rẹ nìkan lẹ wà nílé. Iṣu tí o ń rà yìí, ṣé ẹ̀yin ló ń bọ́ bárékè àwọn ṣọ́jà ni?" Á rẹ́rìn-ín, á jókòó lórí àpò, á fi ìka tẹ iṣu yìí, á tẹ tọ̀hún, lẹ́yìn náà á ní, "Màámi ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ṣì ń dùn wọ́n?" Èmi á sọ fún un. Á gbọ́, á sì máa lọ.

Bí ó bá lọ tán, ìyá rẹ̀ á dé. Òun kì í ra nǹkan. Á jókòó sórí àpò kan náà, á gbé Bíbélì lé itan, á ní, "Mi ò bèèrè nǹkan kan o."

"Èmi náà ò sọ nǹkan kan fún yín. Iṣu ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀." Mo bá kọjú sí iṣu ńlá kan, mo ní, "Ìwọ iṣu yìí, ṣé o ti gbọ́ pé ọmọ ẹnìkan ti lóyún? Ó ń bì láàárọ̀, ẹja ló kórìíra, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le."

Aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi iborùn bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà yọ. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí Bíbélì. Ọwọ́ náà ń ṣí i, ó ń pa á dé. Nígbà tí ó dìde, ó ní, "Ọlọ́run yóò mú un padà kí ó tó bí i. N óò lọ bá A lórí òkè."

Bí oyún náà ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba ààwẹ̀ kéékèèké kiri. Nígbà tí ó di oṣù ìbímọ, ó gun òkè àdúrà ìjọ wọn lẹ́yìn ìlú, ó ní ọlọ́jọ́ méje ni òun fẹ́ gbà, láìjẹ láìmu. Ó ní kí ọmọ òun ṣáà padà wálé, ó tán. Òkè náà ní òfin tirẹ̀. Wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ta okùn yí ibi tí àwọn aláàwẹ̀ wà ká, ẹni tó bá wà nínú okùn kò gbọdọ̀ bọ́ síta kí ààwẹ̀ tó pé. Wọ́n ní ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ láìpé ti ba àdúrà náà jẹ́, àti pé ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí yóò yí padà sí ibi. Èmi kò mọ ibi tí wọ́n ti kà á. Mo ti béèrè, wọ́n ní mi ò ní òye.

Ìgbà tí ó wà lókè ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ru. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, orí ń fọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè la ojú wo ìmọ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, ó ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, dókítà ní àwọn máa ní láti gbé ọmọ inú rẹ̀ jáde, àwọn kàn ń wá bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe máa rọlẹ̀ díẹ̀ ni. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí, ẹ bá mi pe Màámi."

Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé mi jáde. Eruku sìmẹ́ǹtì ṣì wà ní irun rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ. Bí èmi bá lọ, wọn ò ní jẹ́ kí n dé ìsàlẹ̀ òkè."

Mo gun ọ̀kadà dé ìsàlẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ gun ìyókù. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà jẹ́ alàgbà kan tí mo mọ̀ lọ́jà; òun ni í máa ń yẹ gbogbo iṣu wò tán kó tó ní ọjọ́ mìíràn ni òun máa rà. Ó na ọwọ́ dá mi dúró.

"Ìyá oníṣu, ẹ bọ́ bàtà."

Mo bọ́ ọ.

"Ẹ yọ yẹtí."

Mo yọ ọ́. "Ṣé kí n yọ eyín náà?"

"Ibi mímọ́ nìyí o. Ẹ má fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ta lẹ ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn gidi."

"Ha. Ẹni tó wà nínú ààwẹ̀ kì í gba àlejò. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà síbí, Ọlọ́run á gbọ́."

"Ọlọ́run ti gbọ́, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò tíì gbọ́."

Ó ń wá ẹsẹ Bíbélì tí yóò fi dá mi lóhùn nígbà tí mo ké oríkì ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí ìyá wa fi ń pè wá wálé láti oko. Mo ké e bí mo ṣe ń polówó iṣu lọ́jọ́ tí ọjà bá dákú. Mo tún un ké. Ẹ̀gbọ́n mi jáde wá láti ẹ̀yìn àpáta kan, nínú aṣọ funfun, ó rìn wá síbi okùn, ó sì dúró. Ètè rẹ̀ ti là. Mo dúró ní ìta okùn, òun dúró ní inú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín wà ní ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní kí ẹ wá."

Ó ń wò mí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ta ló rán ọ?"

"Ọmọ yín ni."

"Kì í ṣe òun. Ọ̀tá ló rán ọ. Ó rí i pé ààwẹ̀ mi ti ń tán lọ."

"Bí ó bá jẹ́ Sátánì ló rán mi, ṣé kò yẹ kó san owó ọ̀kadà fún mi? Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú mi. Èmi ni."

Ẹ̀rín fẹ́ gbé e. Mo rí i ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín ilé wa, kí omijé tó bò ó. Ó ní, "Àbúrò mi, o ò mọ ohun tí o ń wí. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, gbogbo ohun tí mo ti gbà lé e lórí dànù. Ẹ̀mí rẹ̀ ni mo dì mú lókè yìí. Bí mo bá tú ọwọ́ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ọwọ́ ni ó ní kí ẹ wá di òun mú. Ọwọ́ lásán."

Ó gbé ẹsẹ̀. Ó ṣojú mi. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó ti ń kọjá lórí okùn. Alàgbà tó wà lẹ́yìn mi wúkọ́, ó ní, "Màmá," ohùn pẹ̀lẹ́, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀.

"Ọ̀tunla ni," ó wí. "Ọ̀tunla ní àárọ̀ mo ti parí. Sọ fún un kó dúró dè mí. N óò wá, bí wọn yóò bá tilẹ̀ gbé mi lọ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí." Ó na ìgò òróró kan sí mi lókè okùn. "Fi pa á lẹ́sẹ̀."

Tí ènìyàn bá gbọ́ ìtàn yìí, á ní kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi tí mo rí ojú rẹ̀ mọ̀ pé kò sí ohun tí kò lè ṣe fún ọmọ yẹn, àyàfi kí ó rékọjá okùn. Ẹ̀rù ló bà á. Wọ́n ti kọ́ ọ ní Ọlọ́run kan tó jókòó síbẹ̀ tó ń ka ìka ẹsẹ̀ tó bá kọjá okùn, tó jẹ́ pé bí ìyá bá fi ọ̀nà àdúrà sílẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ̀rora, ọmọ náà ni yóò fi ẹ̀mí san án. Mo ń sọ̀kalẹ̀ lọ, mo sì ń wí fún Ọlọ́run tèmi pé, jọ̀wọ́, má jẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ náà la ojú díẹ̀ nígbà tí mo wọlé.

"Ṣé wọ́n ń bọ̀?"

"Ọ̀tunla, ní kùtùkùtù."

Ó rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lú gbogbo wíwú tí ojú rẹ̀ wú. "Màámi kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ń ṣàìsàn, wọ́n á se ọbẹ̀ fún mi, tó bá ta sí wọn lọ́wọ́, wọ́n á sáré lọ fọ̀ ọ́ kí wọ́n má baà ṣèèṣì lá a." Ó fi ahọ́n lá ètè. "Ọbẹ̀ náà dùn o, Àǹtí."

Mo bu òróró, mo fi pa á lẹ́sẹ̀. Bí mo bá fi ìka tẹ ẹsẹ̀ náà, ibẹ̀ á jìn, kò sì ní í padà bọ̀ sípò. Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ ìkókó jáde, obìnrin, ó sì ké. Ìyá rẹ̀ kò jí.

Gbogbo ará Kàbà mọ̀ pé àwọn mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀. Àwa là ń gbé òkú sínú yìnyín títí ọmọ tó wà ní òkè òkun yóò fi rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀. Síbẹ̀ bàbá ọkọ rẹ̀, àgbàlagbà tí kò lè dìde dáadáa mọ́, ní kí wọ́n dúró. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ kò tíì rí i. Ìrọ̀lẹ́ la ó sin ín." Wọ́n rán àbúrò ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú máṣìnì sórí òkè, kí ó lọ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ọmọ ti kú, kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wá wo ojú rẹ̀.

Ó padà dé ní òun nìkan.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní àwọn á sọ fún Màmá tí wọ́n bá parí, kí ààwẹ̀ má baà bàjẹ́."

Bàbá ọkọ rẹ̀ bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá òun kò gbọ́ dáadáa. Ó gbọ́ dáadáa. Àwọn obìnrin wọn wẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n wò ó fún ìgbà díẹ̀, àwọn ọkùnrin sì gbé e lọ nígbà tí oòrùn ti ń tutù.

Ọjọ́ tí ààwẹ̀ pé, èmi rò pé wọ́n ti sọ fún un. Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ pé alàgbà ní pásítọ̀ ló yẹ kó sọ, pásítọ̀ ní ẹbí ló yẹ kó sọ. Wọ́n ta òróró sí i níwájú orí, wọ́n kí i kú oríire, wọ́n sì ní kó máa lọ sí àlàáfíà. Kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ mi lọ́jà ló gbà wá tààrà, nínú aṣọ funfun yẹn, ìrìn rẹ̀ ń mì láti inú ebi, ojú rẹ̀ ń tàn. Mi ò rí ojú ẹ̀gbọ́n mi kó tàn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé.

"Mo rí i!" ó ń ké bọ̀ láàárín ọjà. "Àbúrò mi, mo rí i lójú ìran! Ó ti kúrò nílé ọkùnrin yẹn! Aṣọ funfun ló wọ̀. Mo pè é, kò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, ó ń rẹ́rìn-ín!"

Aláta gbé iborùn bo ojú. Ẹni tó ń bá mi ná iṣu rọra gbé e kalẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi."

"N ò jókòó. Ọsibítù wo ló wà? Kí ló dé tí o ò bá mi yọ̀?"

Ẹnu mi yìí, tí gbogbo Kàbà ń sá fún, ó wúwo bí ọlọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti sin ín."

Ó wò mí, ó wo aláta, ó wo àwọn iṣu. Ó ní, "Kí n tó dé?" bí ẹni tí wọ́n jẹun tán láìpè. "Mo ní kó dúró dè mí."

Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Gèlè rẹ̀ tú, ó bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn iṣu, kò mọ̀. Mo ṣà á, mo ń sáré tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í jẹ́ kí èmi tí a jọ mu ọmú kan rí orí rẹ̀ lásán, ló rìn la ìgboro Kàbà kọjá pẹ̀lú irun funfun ṣákaṣàka. Àwọn ọmọbìnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ ti lé padà sílé rí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dúró létí títì, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀ kí i. Kò rí i.

Nígbà tí a dé ilé àwọn àna rẹ̀, àwọn ènìyàn wà lórí ẹní. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n ní kó wí. "Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ṣé mo lè wọlé?"

Ìyá ọkọ ọmọ náà dìde. Obìnrin kúkúrú kan ni, tí a jọ ń ra ọjà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi kò fi dá ìkíni rẹ̀ padà. Ó kí i bí a ti ń kí ara wa ní ilẹ̀ wa, ó ní, "Okun o. Okun, ìyá ọmọ. Ilé yín mà ni." Ó mú un lọ́wọ́ wọlé. Ó gbé ọmọ ìkókó fún un. Ó bu ògì sínú ife, ó fi sí i lẹ́nu bí ẹni tó ń bọ́ aláìsàn, ẹ̀gbọ́n mi sì ń mu ún, omijé ń kán sínú rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ẹ̀rí àti orin, ni òfin ní kí wọ́n ti ṣínu. Ilé mùsùlùmí ló ti ṣínu ààwẹ̀ náà, láìbo orí, láìkọ orin. Èmi tí mo jókòó síbẹ̀, bí wọ́n bá bi mí ibi tí mo ti rí oúnjẹ Olúwa rí láyé mi, ife ògì yẹn ni n óò sọ.

Ó lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ pẹ̀lú wọn, ó sì jókòó títí wọ́n fi ṣe é tán. Ìjọ gbọ́. Wọ́n bọ́ oyè lára rẹ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní ọjọ́ ìsinmi náà, mo wọ aṣọ tó gùn kí wọ́n má baà lé mi, nítorí mo fẹ́ wà níbẹ̀. Pásítọ̀ pè é síwájú, ó bi í pé ṣé ó ti ronú pìwà dà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ti ronú pìwà dà, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti èyí tí ẹ ń bi mí."

Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sẹ́yìn. Mo rò pé yóò kúrò níbẹ̀ pátápátá, mo tilẹ̀ ti gbá ibi tí yóò jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi. Kò kúrò. Ó ní àwọn tí òun kó lọ síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí. Ọmọbìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn tó lóyún láìlọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá a pọn omi lọ sílé báyìí. Kò wo gígùn síkẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni mọ́. Tirẹ̀ ṣì gùn o. Yẹtí, kò tíì wọ̀ ọ́. Mo fi tèmi lọ̀ ọ́, ó ní, "Àbúrò mi, kì í ṣe yẹtí ló ṣe mí."

Àwọn kan ní ó ti ṣubú. Èmi kì í bá wọn jiyàn, ohun tí mo mọ̀ ni oko. Mo ti rí ẹni tó kọ ebè tó ga, tó rí rìbìtì, tó tò lọ bí ọmọ ogun, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ ń kí i kú iṣẹ́, tí kò sì fi irúgbìn kankan sí i. Ebè tí wọ́n gbin iṣu sí kì í pẹ́ là. Ìlà yẹn kò dára lójú, ṣùgbọ́n òun ni a fi ń mọ̀ pé nǹkan wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti là. Mi ò ní pe iye tí ó ná an ní owó pọ́ọ́kú.

Ọmọ ìkókó náà wà lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ kan. Ó wẹ ọmọ tán, ó fi àdí pa á, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ọmọ náà sùn. A jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé mo jókòó síbí. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ Ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù Rẹ̀ ni mo mọ̀."

Mo ní, "Ẹ dúpẹ́."

"Mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi pè mí, mo ní kó dúró." Ó na etí ẹní tó ká sókè. "Ti Ọlọ́run ti tán. Tirẹ̀ ńkọ́? Ta ni n óò bẹ̀ fún un?"

Mo wá ọ̀rọ̀ tí yóò pa á lẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yí orí, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ ké, kò tíì ké rárá, ẹ̀gbọ́n mi sì ti gbé e mọ́ra.